Má Ṣe Gbé Òkun Lọ sí Sosan

Ìwárò-Ọ̀kà,
Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi dirun fún, tí gbogbo kíláàsì rẹ̀ fi rẹ́rìn-ín títí ilé-ìwé fi jáde,

Mo mọ ohun àkọ́kọ́ tí wàá sọ: "Dádì, fóònù ńkọ́?" Fóònù wà. Ṣùgbọ́n lórí fóònù, bí mo bá sọ gbólóhùn kan, ìwọ á ti sọ mẹ́ta lé e, nẹ́tíwọ̀kì orí òkè wa yìí á sì gbé ìyókù mì. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì dà bí ìkòkò tó ń hó tí wọ́n dé lómọrí: bí kò bá ríbi sọ̀rọ̀ jáde, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nítorí náà jókòó, bu omi mu, kí o jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán lójú kan.

Lánàá tí o wá láti Ìkàrẹ́, o bu òkèlè díẹ̀, o fọwọ́. Ìwọ tí o máa ń bá mi du ẹran ìsàlẹ̀ ọbẹ̀! O jáde, o lọ jókòó sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé, ò ń wo ojú ọ̀nà bí ẹni pé ọ̀nà náà jẹ ọ́ ní àlàyé. Nígbà tí mo bá ọ níbẹ̀, o ní, "Dádì, mo fẹ́ fiṣẹ́ yẹn sílẹ̀ tí oṣù yìí bá parí."

Mo ní, "Iṣẹ́ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀? Èyí tí o lọ kọ́ n'Íbàdàn títí a fi gbàgbé ojú ẹ?"

O ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe."

Lẹ́yìn náà lo wá sọ ti bàbá àgbẹ̀ ará Sosan. O kò dárúkọ rẹ̀, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn. Má dárúkọ ẹnikẹ́ni tó bá wá sọ́dọ̀ rẹ fún mi láéláé, nítorí ìyá rẹ máa ń sọ pé ẹnu mi kò ní ilẹ̀kùn, fèrèsé nìkan ló ní. Ohun tí o sọ fún mi nìyí, jẹ́ kí n tún un sọ, kí o lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìyàwó bàbá yìí kú. Láti ìgbà náà, kò lọ sóko mọ́, kò bá èèyàn sọ̀rọ̀, iṣu ń hù fúnra rẹ̀ nínú abà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi ọ̀kadà gbé e wá sí ilé ìwòsàn yín. Àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí àìsàn kan tó ṣeé fọwọ́ bà, wọ́n ní kó wá rí ọ. O gbé àga fún un. O ní kó dijú, kó mí kanlẹ̀, kó rí ara rẹ̀ létí òkun níbi tí ìgbì ti ń bọ̀ tó ń lọ, kó wọnú omi díẹ̀díẹ̀, kó jẹ́ kí ìgbì bá a gbé ìbànújẹ́ náà lọ.

Bàbá dijú. Ó rò pé àdúrà lò ń gbà fún òun. Gbogbo ibi tí o bá ti dánu dúró ló ti ń ṣe "Àmín." Ìgbì bọ̀: àmín. Ìgbì lọ: àmín. Ìgbà tí omi dé ọrùn ló lajú, ó dì mọ́ àga, ó ní, "Ọmọ mi, ta ni yóò yọ mí? N kò mọ̀wẹ̀."

Ló bá mú fìlà rẹ̀. Lọ́jọ́ tó yẹ kó padà wá, ọmọ rẹ̀ pè ọ́: "Àǹtí, ẹ má bínú o. Bàbá ní àwọn ò padà sínú omi yẹn mọ́."

Mo wúkọ́ láti fi bo ẹ̀rín mi. O rí mi. O ní, "Ẹ máa rín in, Dádì, ẹ rín in." Lo bá bú sẹ́kún, mi ò sì rí ọ̀rọ̀ kan sọ tó dà bí ọ̀rọ̀, títí mọ́tò fi gbé ọ lọ. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí. Òru ni ọ̀rọ̀ máa ń dé bá àwọn tí wọn ò rí i sọ lọ́sàn-án.

Ní ti pé kí o fiṣẹ́ sílẹ̀, mi ò ní sọ pé kí o má fi í sílẹ̀. O ti dàgbà. Ìyá Rónkẹ́ aládùúgbò wa tilẹ̀ bi mí léèrè iṣẹ́ tí ò ń ṣe. Mo ní, "Ó ń bá àwọn tí ọkàn wọn wúwo sọ̀rọ̀." Ó ní, "Ìyẹn niṣẹ́? Èmi ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ látayébáyé, kò sẹ́ni tó fún mi lágà." Ṣùgbọ́n kí o tó dìde lórí àga tìrẹ, gbọ́ ohun tí mo mọ̀. Mo fẹ́ fi nọ́ńbà sí i, ìwà tísà kò ṣeé fọ̀ dànù.

Èkínní. Má bínú, ọmọ mi, àìsàn òkun yìí, àjogúnbá ni. Ọwọ́ mi lo ti kó o.

Nígbà tí mo jẹ́ tísà tuntun n'Íkàrẹ́, mo ti ka ìwé òyìnbó débi pé táì ni mo fi ń lọ pọnmi. Mi ò rí òkun rí láyé mi; omi tó pọ̀ jù tí mo mọ̀ ni èyí tó máa ń ṣàn gba iwájú ilé wa kọjá bí òjò bá rọ̀ láti orí òkè. Wọ́n ní kí n kọ eré fún ayẹyẹ ìparí ọdún ilé-ìwé. Mo kọ ọ́. Òkun ló kún inú rẹ̀ bámúbámú. Nígbà tí akọni inú eré náà fẹ́ kú, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó kígbe ohun tí mo kọ́ ọ: "Háà! Ìdákọ̀ró ọkàn mi ti já!"

Bàbá àgbà kan tó jókòó níwájú kọjú sí èkejì rẹ̀, ó ní, "Kí ló ní ó já?"

Èkejì ní, "Bóyá okùn ṣòkòtò ẹ̀ ni."

"Kó yáa dì í mú o, àwọn obìnrin ń bẹ níbí!"

Ọmọ mi, gbọ̀ngàn náà tú ká. Akọni mi tó yẹ kó kú bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lórí ilẹ̀ tó dùbúlẹ̀ sí, ikùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Èmi wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, mo ń bú wọn ní ará oko. Bí mo ṣe ń lọ sílé, mo bá ewúrẹ́ kan pàdé lójú ọ̀nà, tó ti fa èèkàn rẹ̀ tu, tó ń wọ́ okùn nílẹ̀ kiri. Ó sá síwájú díẹ̀, ó dúró. Ó yí padà, ó tún dúró. Ó ti gba òmìnira, kò mọ ibi tó ń lọ. Mo dúró wò ó. Mo ní, "Ohun tó ṣe akọni mi gan-an rèé." Ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá lára ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn, tí mo sì ń lọ wá ìdákọ̀ró, irin tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lójú omi, nínú ìwé.

Mi ò ní sọ fún ọ pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. O ti gbọ́ ọ títí etí rẹ fi le. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé ẹṣin ẹlẹ́ṣin máa ń gbé èèyàn ṣubú. Òkun tí wọ́n fi kọ́ ọ n'Íbàdàn dára fún ẹni tó gbé létí òkun, tó mọ̀ pé omi á gbé òun dé èbúté. Àgbẹ̀ orí ilẹ̀ gbígbẹ tí o sọ sínú rẹ̀, ikú lo fi hàn án, ìwọ náà sì sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀.

Èkejì. Máa béèrè. Má máa fún wọn.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn, mo yí ọ̀nà tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní àròkọ padà. Tẹ́lẹ̀, èmi ni mo máa ń kọ àfiwé sójú pátákó, àwọn á dà á kọ. Mo wá ní kí kálukú kọ ohun kan tó dà bí ebi, ohun tó fojú ara rẹ̀ rí láàárọ̀ ọjọ́ náà kó tó dé ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ ló kọ kìnnìún. Kò sí kìnnìún n'Íkàrẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kékeré kan kọ ọ́ báyìí: "Ebi dà bí àdògán tí wọ́n ti kó iná kúrò nídìí rẹ̀, tó ṣì ń rùn bí èéfín." Mo gbé bírò pupa dání, mi ò lè fi kàn án. Mo pè é. Mo ní, "Àdògán ta ni?" Ó ní, "Tiwa, sà." Mo ní, "Láti ìgbà wo niná ti kúrò nídìí ẹ̀?" Ọmọ náà wo ilẹ̀. Àròkọ ni mo bi í, ó fi ìdáhùn rẹ̀ sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ì bá má sọ láéláé. Láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra nígbà náà, ti ń di mọ́ínmọ́ín kan kún tèmi fún ọmọ náà. Mi ò fún ọmọ náà ní máàkì kankan fún àfiwé yẹn. Oúnjẹ ló nílò.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá jókòó síwájú rẹ, bi í pé, "Báwo ló ṣe rí nínú yín lọ́hùn-ún? Kí ló jọ?" Kí o sì dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn le fún ìdílé tísà, mo mọ̀. A máa ń rò pé bí kíláàsì bá dákẹ́, wọn ò mọ̀ ọ́n ni. Wọ́n lè máa wá a. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, kò sì sí igi tó ń kígbe mọ́ ọn pé kó yára.

Bí wọ́n bá sì fún ọ ní àwòrán inú wọn, fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Má sáré túmọ̀ rẹ̀. O mọ ọ̀rẹ́ mi tó fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé, tó máa ń fi gíláàsì sí ìkángun imú. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún un pé mo lálàá pé mò ń wá ṣọ́ọ̀kì kiri. Ó bọ́ gíláàsì. Ó ní ṣọ́ọ̀kì ni ayé mi tó ń jẹ tán, pátákó ni ikú, dọ́sítà ni ìgbàgbé. Ó ṣàlàyé títí ọbẹ̀ mi fi jóná. Nígbà tó lọ tán, mo ronú sí i dáadáa. Ṣọ́ọ̀kì ni mò ń wá. Ọjọ́ pẹ́ tí ọwọ́ mi ti kan ṣọ́ọ̀kì, ó sì ń ṣe mí bí ẹni pé kí n tún dì í mú. Kò bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi kọ. Ká ní ó bi mí ni, ǹ bá ti sọ fún un.

Èkẹta, tàbí èkẹrin, n kò ní padà lọ kà á. Ọ̀rọ̀ èdè ni. Bàbá Sosan yìí bá ọ sọ Yorùbá, torí pé Yorùbá lo bá a sọ. O mọ ìlú wa: kí o tó rìn láti òkè kan dé òkejì, wọ́n ti ń kí èèyàn lọ́nà tí o ò lè dáhùn. Yorùbá ilé-ìwé yìí, bàtà ìjáde ni fún ọ̀pọ̀ wa. Ìyá mi máa ń wọ̀ ọ́ bí àlejò bá dé láti ọ̀nà jíjìn, á máa fi rìn pẹ̀lú ìṣọ́ra, á máa rẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ̀ kú, ó bọ́ ọ dànù. Èdè Ọ̀kà pọ́ńbélé ló fi sunkún.

Jẹ́ kí bàbá náà bọ́ bàtà. Sọ fún un pé kó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní èdè ilé rẹ̀, bí o ò tilẹ̀ gbọ́ ọ̀kan níbẹ̀. Wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, bóyá ọ̀fun ni, bóyá ikùn ni. Bó bá sọ ọ́ tán, kó wá túmọ̀ èyí tó bá wù ú fún ọ. Mo mọ̀ pé wọn ò kọ ìyẹn sínú ìwé tí wọ́n fún ọ. Àwọn tó kọ ìwé náà ò gbé Àkókó.

Kí n má gbàgbé: àfiwé kì í wo ibà. Bí bàbá kan bá sọ fún ọ pé òun ò jẹun, òun ò sùn, òun fẹ́ tẹ̀lé ìyàwó òun lọ, má jókòó máa bi í pé kí ni ikú jọ. Pe dókítà, pe ọmọ rẹ̀, má fi òun nìkan sílẹ̀. Ìyẹn náà wà lára iṣẹ́ rẹ. Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n. Bàbá ni mí, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Èyí tó kù yìí ló ṣòro fún mi láti kọ. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀kan láti lọ lé adìyẹ tí kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Nígbà tí ìyá rẹ kú, o ṣì kéré. Eyín iwájú rẹ kan ti yọ, òmíràn ń mì. Àwọn àgbà ilé ní a kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé. Wọ́n ní kí a sọ fún ọ pé màmá rẹ rìnrìn àjò. Ìyá mi ló fi orúkọ ìlú sí i. Ó ní Èkó. Èmi náà mi orí. Bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, gbogbo ayé ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àgbàlagbà tó bá sì gbọ́ ọ á fi ọwọ́ lẹ́rán.

Lọ́jọ́ tí o padà sílé-ìwé, a ò rí ọ kí o délé. A bá ọ ní ìkòríta tí mọ́tò Ìkàrẹ́ ti ń já èrò. O gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ò ń wo ojú gbogbo obìnrin tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, kí lò ń ṣe níbí?"

O ní, "Ó ti fẹ́ dé. Èrò ló pọ̀ lónìí."

Lọ́jọ́ kejì o tún lọ. Lọ́jọ́ kẹta, o bu ẹran tìrẹ pamọ́ sínú bébà, o mú un dání, o ní ebi á ti pa á lójú ọ̀nà.

Mo mú ọ lọ sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé. Mo ní, "Màmá kò lọ sí Èkó. Màmá kú." Mo rò pé o ò gbọ́. Lo bá bi mí pé, "Èkó ò ṣe nǹkan kan?" Mo ní, "Èkó ò ṣe nǹkan kan." O ní, "Mo sì ti ń bú u." Nígbà náà ni ẹkún tó dé.

Ọmọ mi, àfiwé, ọ̀nà ni. Ẹni tí o bá fi sójú ọ̀nà yóò rìn ín. Àjò tí ó jẹ́ ìtura fún àgbà, ìwọ lọ dúró dè é ní ìkòríta pẹ̀lú ẹran nínú bébà. Kí o tó fi àwòrán kankan lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kọ́kọ́ bi ara rẹ pé: níbo ni ẹni yìí máa lọ dúró sí?

Ní tèmi, àwọn olùbánikẹ́dùn kó àfiwé wá bí ẹni kó ẹrù sọ̀ sílé. Ọ̀gbẹ́ni kan láti ṣọ́ọ̀ṣì, tó wọ kóòtù nínú ooru, ní Olúwa ti já òdòdó tó dára jù nínú ọgbà mi. Mo fẹ́ béèrè ẹni tó ní kó wá sí ọgbà mi. Ẹlòmíràn ní àkókò yóò ṣàn bí odò, yóò gbé e lọ. O rí i pé òkun ti wà lágbègbè yìí pẹ́! Mo ń ṣe "ẹ ṣeun, a dúpẹ́." Lẹ́yìn tí wọ́n tú ká, mo dákẹ́. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń kọ́ni, mo ń padà dé, mo ń wo ògiri. O ò lè rántí èyí dáadáa, tàbí kó jẹ́ pé o rántí ju bí mo ṣe rò lọ.

Ní ọ̀sán kan, o wá dúró síwájú mi. O ní, "Dádì, mo ti pè yín, ẹ ò dáhùn. Kí ló wà láyà yín?"

Ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo wọn ló ń sọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ fún mi.

Mo ní, "Òkúta."

"Ó tóbi?"

"Ó tóbi."

"Ó tó èyí tó wà lẹ́yìn ilé?"

"Ó tó o."

O ronú. O fi ahọ́n ti eyín tó ń mì. "Ó gbóná àbí ó tutù?"

Mo wá a nínú ara mi. Mo wá a ní tòótọ́, bí ẹni tó ń fọwọ́ wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Mo ní, "Lọ́sàn-án, ó máa ń gbóná."

O ní, "Ṣebí a lè sá láfún sí i nígbà yẹn."

Àbẹ̀kẹ́, láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, àpáta ẹ̀yìnkùlé yẹn wà lásán. Òun ló máa ń sá láfún sí i, tí gbogbo rẹ̀ á funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí a ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo dìde. A lọ wá ẹ̀gẹ́. A bó o bí ẹni tó ń jà pẹ̀lú rẹ̀, a rẹ ẹ́, ó rùn jáde dé ojú títì, a fún un, a sá a. Ewúrẹ́ jẹ ìlàjì. Ìyókù tí a lọ̀ tí a rò, iyanrìn ń dún ká-ká-ká nínú rẹ̀ lábẹ́ eyín. O jẹ ẹ́ tán. O ní, "Kò dà bíi ti Màmá." Mo ní, "Kò dà bí i." Èmi pẹ̀lú rẹ rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tó ti kú.

O ò gbé òkúta náà kúrò. Ó ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Nínú ìlú wa, ta ló ń gbé àpáta kúrò? A ń kọ́lé tì í ni, a ń sá nǹkan sí i, a ń jókòó lórí rẹ̀ wo ojú ọ̀nà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ọmọdé nìkan ló gbọ́n nílé wa. Má wá sọ fún mi pé o ò mọ iṣẹ́ yìí ṣe. O ti ń ṣe é kí eyín rẹ tó pé. Ìbàdàn kàn fún un ní orúkọ ni, orúkọ náà sì gùn débi pé o gbàgbé ohun tó ń jẹ́ ẹ.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó kù, kí n sì dákẹ́. Mo mọ̀ pé nígbà tí bàbá Sosan jókòó síwájú rẹ, òun nìkan kọ́ lo rí lórí àga. O rí mi. O rí mi bí mo ṣe ń wo ògiri, ó sì ń kán ọ lójú kí omi yára gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Dìde kúrò lórí ìyẹn, ọmọ mi. Èmi ti jẹun. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Bàbá náà ní ilé tirẹ̀, ìyàwó tirẹ̀ ló kú, o ò sì tíì mọ ohun tó wà láyà rẹ̀. Ó lè má jẹ́ òkúta rárá. Má ṣe gbé àpáta Ọ̀kà lọ bá a bí o ṣe gbé òkun lọ.

Pe ọmọ rẹ̀. Sọ fún un pé, "Ẹ bá mi bẹ Bàbá. Kò sí omi mọ́." Bó bá dé, má ní kó dijú. Gbé àga yín méjèèjì bọ́ sí abẹ́ igi ìta, kí ẹ jọ máa wo nǹkan kan náà. Bi í léèrè iṣu tó ń hù nínú abà. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ló wà, ó lè má jẹ́ ibẹ̀. Òun ló máa mú ọ lọ. Bí kò bá wá, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ yóò wá, ìwọ á sì ti mọ ohun tí a ń béèrè.

Lẹ́yìn náà, bí o bá ṣì fẹ́ fi í sílẹ̀, yàrá rẹ wà níbí, mo ti gbá a.

Mo fi ìwé yìí rán dẹrẹ́bà tó máa ń gbé èrò wá sí Ìkàrẹ́ láàárọ̀, pẹ̀lú àpò kan. Láfún ni. Èmi ni mo bó o, èmi ni mo sá a, o sì mọ orí ibi tí mo sá a sí. Mo kù ú dáadáa. Bí o bá tún rí iyanrìn nínú rẹ̀, jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, tó ń gbóná lọ́sàn-án.